Okun Tí A Fi Ń Darúgbó

Ní Ìbàdàn, ipò tó ga jù lọ kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú. Ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn, ọba ìlú náà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé rẹ̀, kí ó tó bọ́ sí ìlà Ọ̀tún tàbí ìlà Balógun, níbi tí yóò ti máa gun oyè ní ipele kọ̀ọ̀kan, tí ipele náà sì lé ní 20, títí tí yóò fi kan ti òkè pátápátá, ohun tí ó lè gba ènìyàn ní ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni ọdún 87 ni Ọba Saliu Adétúnjí nígbà tí wọ́n gbé adé lé e lórí ní gbọ̀ngàn Mápó ní oṣù Kẹta ọdún 2016, tí Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́yìn sì jẹ́ ẹni ọdún 89 nígbà tí ó gorí oyè ní oṣù Keje ọdún 2024. Ìlú tí ó bá ṣètò oyè rẹ̀ báyìí ti fi ẹ̀mí gígùn ṣe òpó kan nínú ètò ìjọba rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn pẹ́ láyé jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ó sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn nígbà tí ó bá dàgbà tán jẹ́ ọ̀tọ̀, èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò sì rí ẹni sọ fún wọn pé apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn.

Okun iṣan ara ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Iṣan, gẹ́gẹ́ bí a ṣe lò ó níhìn-ín, ni ẹran pupa tí ó so mọ́ egungun, tí ó ń sún kì tí ó sì ń nà kí ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti ọrùn lè ṣiṣẹ́. Ìdárayá afúnilókun sì ni irú ìdárayá tí ènìyàn fi ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé iṣan wọ̀nyí kojú ohun tó wúwo tàbí ohun tó ń ta kò wọ́n, ìbáà jẹ́ irin, kẹ́ẹ̀gì omi, rọ́bà tó ń fà, tàbí ìwúwo ara onítọ̀hún fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa fi díẹ̀ kún un bí ó bá ti ń mọ́ ọn lára. Ó yàtọ̀ sí ìrìn rínrìn àti eré sísá, tí wọ́n ń ṣe ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró láǹfààní ju bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣan lọ. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, àjọ náà ní kí ẹni tó ti dàgbà máa rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí ó ṣe irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, kí ó sì ṣe ìdárayá afúnilókun ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan náà. Fún àwọn tó ti pé ọdún 65, ó tún ní kí wọ́n máa ṣe èyí tí ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin àti èyí tí ń fún ara lókun papọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo èyí, ìrìn nìkan ni ó dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní àtijọ́, ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ìdárayá. Ìlú olókè ni. Ìbáà jẹ́ Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ ni ènìyàn ti ń bọ̀, yóò gun òkè kí ó tó dé Mápó, ẹni tó bá sì ń gbé Bẹyẹrúnkà tàbí Oríta-Mẹ́rin tí ó ń ná ọjà káàkiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀. Kí omi ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú láti Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí wọ́n ti sé odò ní 1942, orí ni omi fi ń wọ agbo ilé, láti inú kànga tàbí láti etí odò. Àgbẹ̀ ń rìn lọ sí oko tó jìn sí ìlú, ó ń fi ọkọ́ kọ ebè, ó sì ń ru èrè oko bọ̀ wálé. Inú ilé pàápàá, orí àpótí kékeré ni wọ́n ń jókòó sí dáná, orí ẹní ni wọ́n ń sùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jí láàárọ̀ ti fi itan àti ìdí rẹ̀ gbé gbogbo ara rẹ̀ nílẹ̀ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, obìnrin ń kúnlẹ̀. Mùsùlùmí tó bá sì kí ìrun ọ̀ranyàn márààrún pé ti ṣe rákà 17 lóòjọ́, tí ìforíkanlẹ̀ méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí a bá wo gígún iyán nìkan, a ó rí i pé ó kó ọ̀pọ̀ ohun tí olùkọ́ ìdárayá òde òní ń wá jọ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Obìnrin tó ń gún un ya ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó gbé ọmọ odó sókè kọjá orí, ikùn rẹ̀ le bí ó ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ di igi náà mú dáadáa kí ó má baà yọ̀ bọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣu ṣì wà ní kókó kókó, iṣẹ́ náà rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iyán bá ti ń dan, tí ó ń fà, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, agbára tí yóò fi fà á yọ ń pọ̀ sí i, débi pé ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná lọ́wọ́ gan-an ni ó ń gba okun jù lọ. Èjìká, ẹ̀yìn, ikùn, itan àti ọwọ́, kò sí èyí tí ó ń sinmi nínú wọn.

Ẹni tó bá ti pọn omi gun òkè rí kò ní bínú sí omi ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó lórí pípé tí yóò ní kí a padà sí ìnira àtijọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó bá ìnira náà lọ. Ẹ̀rọ ń gún iyán, ẹ̀rọ ń lọ ata, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ń gbé ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, àga sì ti gba ipò àpótí. Oníṣòwò tó jókòó ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ lè gbà pé òun ṣiṣẹ́ gan-an, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n iṣan itan rẹ̀ kò mọ̀ sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 60 sábà máa ń lọ láti orí àga ọ́fíìsì sí orí àga ilé.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti Yorùbá ní pàtàkì, tí ó sì yẹ kí a sọ láìfi bò. Ẹ̀kọ́ ilé ni pé kí ọmọ má wo àgbà níran kí ó máa gbé ẹrù. Bí ìyá àgbà bá na ọwọ́ sí korobá, ọmọ-ọmọ ti sáré gbà á, bí ó bá fẹ́ dìde lórí àga, ẹni méjì ti di apá rẹ̀ mú. Ìwà ọmọlúàbí ni, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ara kì í mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun. Ohun tí ó mọ̀ ni pé wọn kò lo òun, ohun tí a kò bá sì lò nínú iṣan, ara máa ń yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, nítorí pé iṣan ń jẹ oúnjẹ púpọ̀, ara kò sì ní máa bọ́ ohun tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá báyìí, ìrànlọ́wọ́ tí ó jẹ́ ti ọ̀wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò di èyí tí ìyá kò lè ṣe aláìní. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ yóò gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fi abọ́ ẹ̀fọ́ sílẹ̀ fún un. Yóò dúró tì í bí ó ti ń dìde, kò sì ní fà á sókè.

Iṣan ara máa ń tó góńgó rẹ̀ ní àkókò tí ènìyàn bá ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn èyí, ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ó ń lọ ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Okun tó wà nínú iṣan náà tún ń tètè dín ju bí iṣan fúnra rẹ̀ ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Irwin Rosenberg, onímọ̀ nípa oúnjẹ, ará Amẹ́ríkà, ni ó fún ipò yìí ní orúkọ tirẹ̀ ní 1989. Ó pè é ní sarcopenia, èyí tí a lè pè ní iṣan jíjoro. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn oníṣègùn pàápàá kà á sí ohun tí ọjọ́ orí kàn ń mú wá, tí kò ní ìtọ́jú, bí irun ṣe ń funfun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan náà yẹ ní mímọ̀, nítorí òun ni ó ṣàlàyé ìdí tí àgbàlagbà fi ń ṣubú. Oríṣi fọ́nrán méjì ni ó para pọ̀ di iṣan. Oríṣi kan ń lọ́ra, kì í sì í tètè rẹ̀. Òun ni ènìyàn fi ń dúró, òun ni ó sì fi ń rìn lọ gbẹrẹ. Oríṣi kejì yára, ó ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè rẹ̀; òun ni ènìyàn fi ń fò, òun ni ó fi ń gbé ẹrù tó wúwo, òun náà ni ó sì fi ń gba ara rẹ̀ là nígbà tí ẹsẹ̀ bá kọ lu òkúta. Èyí tó yára yìí ni ọjọ́ ogbó ń mú jù. Ní àfikún, àwọn nááfù, ìyẹn okùn tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí iṣan, ń dín kù, fọ́nrán tí kò bá sì ní nááfù tí ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́ yóò joro. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà kan fi lè máa rìn lọ sí ọjà lójoojúmọ́ láìsí wàhálà, síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ bá kọ ní etí gọ́tà, kò ní lè yára gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú kí ó tó ṣubú. Ìrìn tí ó ń rìn lójoojúmọ́ kò kan oríṣi fọ́nrán tí ó nílò ní ìṣẹ́jú àáyá náà.

Iṣan tún ní iṣẹ́ mìíràn. Òun ni ó ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí náà bí ó bá ti ń dín, ibi tí ṣúgà yóò wọ̀ ń dín, àrùn àtọ̀gbẹ sì ń rí ọ̀nà. Òun náà ni ó ń fa egungun tí egungun fi ń le, nítorí egungun máa ń ki sí i níbi tí ẹrù bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2015, tí wọ́n ṣe lára ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 140,000 ní orílẹ̀-èdè 17, wọ́n rí i pé bí okun tí ènìyàn fi ń di nǹkan mú lọ́wọ́ bá fi kílógíráàmù márùn-ún dín sí ti ẹlòmíràn, ewu ikú rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ọwọ́ kò pa ẹnikẹ́ni. Ohun tí okun ọwọ́ ń sọ ni bí gbogbo ara ṣe wà.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ nípa ọjọ́ ogbó. Ní 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ìdíkàn, láàárín ìgboro àtijọ́, níbi tí wọ́n ti forúkọ 2,494 àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sílẹ̀. Èsì tí Hugh Hendrie, Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn iyè ríra ń kọ lù lọ́dọọdún níbẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbi yìí: oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà ìgbé ayé ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi èsì náà sọ pé odó àti ọmọ odó ni ó gba àwọn ará Ìdíkàn là. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 2003, tí wọ́n fi tẹ̀ lé àwọn tó ti pé ọdún 65 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Nínú àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ó lé ní ẹnì kan nínú márùn-ún tó sọ pé òun ti ṣubú láàárín oṣù méjìlá tó kọjá, àwọn obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú wọn. Nínú àwọn agbo ilé tí àtẹ̀gùn wọn ga, tí ilẹ̀ àgbàlá kò tẹ́jú, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà lálẹ́, ìṣubú kan ṣoṣo lè fọ́ egungun ìbàdí, kí ó sì fi ìyá tó ń ta ata lọ́jà sórí ibùsùn títí ayé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ni ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní University College Hospital (UCH), ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ó sì ṣe ìgboro náà láǹfààní púpọ̀ pé ibi tí kò jìnnà ni ó wà.

Ìbéèrè tí àgbàlagbà tó bá gbọ́ gbogbo èyí máa ń bi ni pé ṣé kò ti pẹ́ jù. Ìdáhùn rẹ̀ wá láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, níbi tí oníṣègùn Maria Fiatarone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó àwọn ènìyàn mẹ́wàá jọ, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 86 sí 96, tí ara wọn kò dá ṣáṣá, tí àwọn kan nínú wọn ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n jókòó sórí àga ẹ̀rọ kan tí wọ́n so irin tó wúwo mọ́, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbé e sókè láti orúnkún, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Irin náà kò fúyẹ́: nígbà tí wọ́n mọ́ ọn lára tán, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990 ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu. Okun itan àwọn mẹ́sàn-án tó ṣe é parí fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìyẹn ni pé ó lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Iṣan itan wọn fúnra rẹ̀ nípọn sí i ní ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn méjì sọ ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ wọn nù. Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tí kò lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ tì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra rẹ̀. Ní 1994, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, èsì rẹ̀ sì bá ti àkọ́kọ́ mu.

Apá kan wà nínú ìwádìí 1990 náà tí wọn kì í sábà sọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé tí wọ́n sì dáwọ́ dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún okun náà ti lọ. Èyí ni ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣà ìgbésí ayé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò tí wọ́n ń po kọnkéré sínú agolo ńlá méjì, tí wọ́n ti ọ̀pá irin bọ àárín wọn, tí wọ́n sì ń gbé e lẹ́yìnkùlé títí àyà wọn fi yọ, kò ṣe ohun tó burú. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn á pa agolo náà tì ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìyàwó, wọn kò sì ní ronú kàn án mọ́ títí tí orúnkún yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ohun tí wọ́n kó jọ ní ogún ọdún kò lè dúró dè wọ́n di ọgọ́ta ọdún bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀.

Ìlànà tó wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ kò le. Thomas DeLorme, oníṣègùn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1945, lẹ́yìn tí ó ti fi tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí itan wọn ti joro nítorí pé wọ́n farapa lójú ogun: kí aláìsàn gbé ìwọ̀n tó le fún un ní ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, kí ìwọ̀n náà sì máa pọ̀ sí i bí okun bá ti ń pọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú agbo ilé ní Oríta-Mẹ́rin, kò sí irin kankan tí ènìyàn gbọ́dọ̀ rà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àga onígi tó dúró dáadáa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ni ohun èlò àkọ́kọ́: kí àgbàlagbà jókòó sí etí rẹ̀, kí ó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ó ká ọwọ́ lé àyà, kí ó dìde dúró ṣánṣán, kí ó sì rọra jókòó padà bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga gbọ́, nítorí pé rírọra sọ̀ kalẹ̀ yìí ń kọ́ iṣan bí dídìde ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe é láìfi ọwọ́ tì í lè fi tìmùtìmù gbé ìjókòó ga, kí ó sì máa dín gíga rẹ̀ kù bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ìgbà 8 sí 12 tó, kí ó sinmi, kí ó tún un ṣe. Bí 12 bá ti rọrùn, kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ àyà. Àga yìí kan náà ni àwọn dókítà fi ń ṣe ìdánwò: ìlànà tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù ń tẹ̀ lé ní ẹni tí dídìde lẹ́ẹ̀marùn-ún láìfi ọwọ́ tì í bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, ó yẹ kí wọ́n yẹ iṣan rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ tún lè gun ìpele ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó sọ̀, kí ó tún gùn, pẹ̀lú ọwọ́ kan lára ògiri. Ọwọ́ lè ti ògiri, kí ìgunpá ká kí àyà fi sún mọ́ ògiri, kí ó sì ti ara padà. Kí ènìyàn di òpó ẹnu ọ̀nà mú, kí ó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, kí ó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó gbìyànjú àtidúró lẹ́sẹ̀ kan. Fún ẹ̀yìn àti ọwọ́, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó kún fọ́fọ́ jẹ́ nǹkan bí kílógíráàmù márùn-ún, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rẹ̀ lè bu omi rẹ̀ dé ìdajì. Báàgì píọ̀ wọ́tà tí ọ̀rá 20 wà nínú rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù mẹ́wàá, ìwọ̀n tí agbára ẹni tó ti ń ṣe é fún oṣù mélòó kan lè ká. Kí ènìyàn tẹ orúnkún àti ìbàdí, kí ẹ̀yìn nà gbọnrangandan, kí ó gbé e nílẹ̀, kí ó rìn díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí ó ti gbé e. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, kí ọjọ́ ìsinmi kan sì wà láàárín, nítorí pé ìgbà tí ara bá ń sinmi ni ó ń mọ iṣan tuntun.

Àwọn alábàárù tó ń ru àpò gàrí àti ti èlùbọ́ nínú ọjà Oríta-Mẹ́rin lè béèrè pé kí ni ìdárayá yóò tún ṣe fún àwọn. Ìbéèrè tó dáa ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn. Iṣẹ́ wọn ń fún wọn lókun ní ìgbà èwe, ṣùgbọ́n oníbàárà ni ó ń yan ìwọ̀n ẹrù, kì í ṣe ara. Ẹrù kì í dín ní ọjọ́ tó bá rẹ̀ wọ́n, ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà tẹ ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn lójoojúmọ́, kò sì sí ìsinmi tí ara yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí máa ń gbó oríkèé kí ọjọ́ ogbó tó dé. Ìdárayá afúnilókun ń yan ìwọ̀n tí ara lè gbà, ó sì ń dá dúró ní àkókò tó yẹ, èyí tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kì í fi ààyè gbà.

Àwọn kan wà tó gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì sí ní ìkáwọ́, ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti kan ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sé èémí nígbà tí ó bá ń gbé nǹkan, nítorí pé sísé èémí ń ti ẹ̀jẹ̀ ga sókè lójijì. Kí ó mí jáde bí ó ti ń gbé e, kí ó sì mí sínú bí ó ti ń sọ ọ́. Orúnkún dídùn, tí ó wọ́pọ̀ gidigidi láàárín àwọn ìyá wa, kì í ṣe ìdí láti jókòó pa, nítorí pé iṣan iwájú itan ni ó ń gba ẹrù kúrò lórí oríkèé orúnkún, bí ó bá sì ti ń lágbára, ìrora sábà máa ń dín. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù ni àwọn onífisiotẹ́rápì, ìyẹn àwọn tó kọ́ bí a ti ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ tàbí ìfarapa ọkọ̀ bá ti dé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mọ̀ wọ́n. Ì bá dára púpọ̀ bí ilé ìwòsàn alábọ́dé kọ̀ọ̀kan ní ìgboro bá lè rí ọ̀kan nínú wọn tí yóò máa kó àwọn àgbàlagbà jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí pé ìdárayá tí ènìyàn ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kì í sú u bọ̀rọ̀.

Iṣan kò lè kọ́ ara rẹ̀ láìsí purotéènì, ohun aṣaralóore tó ń kọ́ ara. Àwọn onímọ̀ ní kí àgbàlagbà máa jẹ gíráàmù kan sí gíráàmù kan àti díẹ̀ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí gíráàmù 60 sí 70 fún ìyá tó wọ̀n kílógíráàmù 60. Àmàlà, tí ó jẹ́ oúnjẹ Ìbàdàn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n ń bù sí i ni ó ní in, ó sì yẹ kí gbẹ̀gìrì pọ̀ nínú abọ́ àgbà ju òkèlè lọ. Ọ̀lẹ̀lẹ̀, èkuru, ẹja, wàrà àti ẹyin, tí ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6, náà ní in. Pọ̀nmọ́ dùn, ṣùgbọ́n irú purotéènì inú rẹ̀ kò pé, kò sì lè dúró nípò ẹja tàbí ẹ̀wà. Kí wọ́n sì pín in sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kọ mímu lásán láàárọ̀, tí ọ̀pọ̀ arúgbó fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, ń fi iṣan wọn sílẹ̀ nínú ebi títí di ọ̀sán.

Ọjọ́ kan yóò dé tí ibà tàbí òfò inú ẹbí yóò dá ìdárayá náà dúró, nígbà mìíràn fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Okun yóò ti dín nígbà tí onítọ̀hún bá padà, ṣùgbọ́n iṣan tí a ti kọ́ rí máa ń tètè padà ju èyí tí a kò kọ́ rí lọ. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìwọ̀n tí ó gbé kẹ́yìn, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó sì tún máa bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì.